Ẹja Ìgbà Òtútù Kì í Jẹun Púpọ̀

"Poco, signora! Poco!"

Ohùn bàbá ìsàlẹ̀, òyìnbó tó ń gbé abẹ́ ilé wa, la kùrukùru kọjá, ṣùgbọ́n ẹ̀pa ò bóró mọ́. Ìyá àgbà ti bu ẹ̀kúnwọ́ kejì nínú ike oúnjẹ ẹja, wọ́n ti jù ú sódò. A gbọ́ bó ṣe balẹ̀ lórí omi, pàà, bí ìgbà tí èèyàn bá da omi ìfọwọ́ síta. Bàbá náà di orí mú.

"Kí ni bàbá yìí ń pariwo sí?" ìyá àgbà bi mí.

"Wọ́n ní díẹ̀ ni kẹ́ ẹ máa jù. Wọ́n ní ẹ ti dà á jù."

"Ahun! Ẹja ọ̀hún ńkọ́, ṣé ààwẹ̀ ló ń gbà ni?"

Mi ò túmọ̀ ìyẹn. Bàbá ìsàlẹ̀ ṣáà rí ojú ìyá àgbà, wọ́n sì mọ̀ pé kì í ṣe àdúrà ni wọ́n gbà fún àwọn.

Àárọ̀ Sátidé ni, nínú oṣù tí òtútù ń mú jù lọ ní agbègbè ìlú Torino, nílẹ̀ òyìnbó. Ẹ̀bá odò Po la jókòó sí, ní apá Moncalieri, níbi tí omi ti jinlẹ̀ tí kì í yára. Yìnyín wẹ́ẹ́wẹ́ẹ́ bo koríko, tí a bá tẹ̀ ẹ́, á dún bíi gúgúrú lẹ́nu. Odò náà ń rùn bí ẹrẹ̀ àti irin tó ti dípẹtà. Ìyá àgbà wọ kóòtù bàbá mi sórí ìró àti bùbá, wọ́n fi ìborùn wé orí, wọ́n tún wá dé fìlà onírun lé e. Imú àti ojú wọn nìkan ló hàn.

Igi tẹ́ẹ́rẹ́ olórí pupa tó ń léfòó lórí omi, tó yẹ kó fi hàn wá pé ẹja ti fọwọ́ kan ìdin orí ìwọ̀, kò mira rárá. A jókòó títí mi ò fi mọ ọmọ ìka ẹsẹ̀ mi mọ́. Nígbà tó yá, bàbá ìsàlẹ̀ ká okùn wọn. Wọ́n ní, "A ti bọ́ wọn yó fún òní. Ẹ jẹ́ ká máa lọlé."

Kì í ṣe eré ló gbé ìyá àgbà dé etí odò náà. Màmá mi ni.

Kí Kérésì ọdún náà tó dé, màmá mi lọ bímọ, ọmọ náà ò sì ké. Bàbá mi nìkan ló rí i kí wọ́n tó sin ín. Nígbà tí màmá mi padà sí ilé wa ní Nichelino, wọ́n dùbúlẹ̀, wọ́n kọjú sí ògiri, ó sì dà bí ẹni pé wọ́n gbàgbé ohùn wọn sí ilé ìwòsàn. Wọn ò sunkún. Wọn ò jẹun.

Àwọn ará ìjọ wa ṣe bẹbẹ, Ọlọ́run á san án fún wọn. Wọ́n gbé kúlà ìrẹsì wá, wọ́n gbé kúlà ọbẹ̀ wá, wọ́n di mọ́ínmọ́ín wá, títí ilẹ̀kùn fìríìsà wa ò fi padé mọ́. Pásítọ̀ wa gbé ọwọ́ lé màmá mi lórí, gbogbo wa sì ṣe àmín. Bàbá mi ń ṣiṣẹ́ alẹ́ ní magazzino, ilé ìkẹ́rùsí kan. Tí wọ́n bá dé láàárọ̀, wọn kì í tíì bọ́ bàtà tí wọ́n á ti dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá bi mí pé, "Ṣé ó jẹun?"

"No, papà," ni mo máa ń dáhùn.

Ìgbà náà ni wọ́n ránṣẹ́ sí ìyá àgbà, ìyá tó bí màmá mi, ní Ẹ̀pẹ́. Visto, ìwé ìwọ̀lú olóṣù mélòó kan, ni wọ́n rí gbà. Ọmọ apẹja ni wọ́n, etí ọ̀sà ni wọ́n bí wọn sí, ibẹ̀ náà ni wọ́n sì ti tọ́ màmá mi. Wọ́n dé pẹ̀lú báàgì kan tó ń rùn fún ẹja gbígbẹ àti ewé efinrin, kíṣìnnì ni wọ́n sì kọ́kọ́ wọ̀.

Àwo tí wọ́n gbé wọ yàrá lọ́jọ́ àkọ́kọ́ kún dé ẹnu. Wọ́n bẹ màmá mi. Wọ́n kì wọ́n. Wọ́n bá wọn wí, wọ́n sì sunkún. Lọ́jọ́ kan, mo rí i tí ìyá àgbà fẹ́ kúnlẹ̀ fún ọmọ tí wọ́n fi inú ara wọn bí.

"Màámi, ẹ jọ̀ọ́," màmá mi sọ láì yíjú. "Ẹ gbé e lọ. Òórùn rẹ̀ ń mú kí èébì máa gbé mi."

Ìyá àgbà gbé àwo náà padà sí kíṣìnnì, wọ́n gbé e dání, wọ́n kàn dúró. Mo gbọ́ tí wọ́n ń sọ wúyẹ́wúyẹ́ pé, "Baba, O ti gba ọmọ ọmọ mi, mi ò bá Ọ jà. Fi ìyá rẹ̀ sílẹ̀ fún mi."

Lẹ́yìn èyí ni wọ́n pinnu pé ẹja ló fa ìṣòro náà. Ẹja inú yìnyín tí bàbá mi ń rà ní ṣọ́ọ̀bù àwọn ará Áfíríkà kò tẹ́ wọn lọ́rùn. "Ẹja tó ti kú, tẹ́ ẹ tún wá tì mọ́ inú yìnyín kó lè tún kú sí i, òun lẹ ń fún aláìsàn?" Ẹja tútù ni màmá mi fi dàgbà, ẹja tútù nìkan ló lè mú wọn dìde. Lọ́jọ́ tí a bá bàbá ìsàlẹ̀ pàdé nínú ascensore, ẹ̀rọ tó ń gbé èèyàn lọ sókè ilé, pẹ̀lú bàtà rọ́bà ẹlẹ́rẹ̀ àti ọ̀pá ìpẹja wọn, ìyá àgbà fa imú, ojú wọn sì là.

"Bi wọ́n pé níbo lodò wà."

Òyìnbó àgbàlagbà kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ní ilé tí wọ́n ti ń to mọ́tò ni bàbá náà, abẹ́ ilé wa gan-an ni wọ́n ń gbé. Ìyàwó wọn ti kú. Wọn kì í bá ẹnikẹ́ni sọ ju buongiorno, ẹ káàárọ̀, lọ, ṣùgbọ́n wọ́n wo ìyá àgbà láti orí dé ẹsẹ̀, wọ́n ní ká wọ aṣọ tó nípọn lọ́jọ́ Sátidé.

Nígbà tí à ń padà bọ̀ lọ́wọ́ òfo ní Sátidé àkọ́kọ́ yẹn, wọ́n ṣàlàyé fún wa nínú mọ́tò wọn, mo sì ń túmọ̀. Gardon lorúkọ ẹja tí wọ́n ń wá, ẹja pẹlẹbẹ tí ìpẹ́ rẹ̀ ń dán bíi fàdákà, tí lẹbẹ àti ẹyinjú rẹ̀ pupa. Tí òtútù bá dé, ara rẹ̀ á tutù bí omi tó ń gbé. Kò kú, kò sì sùn. Ó kàn lọ sí ibi tó jìn jù, ó dúró síbẹ̀.

"Tẹ́ ẹ bá da oúnjẹ lé e lórí, ẹ̀rù lẹ dà lé e," bàbá ìsàlẹ̀ sọ. "Ìdin bíi mẹ́ta, mẹ́rin. Kẹ́ ẹ dúró. Kẹ́ ẹ tún ju mẹ́ta, mẹ́rin. Tó bá sì fẹ́ jẹ, kò ní fa okùn. Á kàn ṣe báyìí." Wọ́n yọ ọwọ́ kan kúrò lórí sítíárìn, wọ́n sì mi ìka kan fẹ́ẹ́rẹ́, bí ìgbà tí ìpéǹpéjú bá ń gbọ̀n.

Mo rò pé ìyá àgbà ti sùn lọ. Iwájú palazzo, ilé alájà tí à ń gbé, ni wọ́n ti lanu.

"Wọ́n ní kò kú?"

"Wọ́n ní kò kú."

"Tí kò sì sùn?"

"Wọ́n ní kò sùn, ìyá àgbà."

Wọ́n sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, wọ́n da oúnjẹ tí wọ́n ti bù sínú àwo ńlá padà sínú ìkòkò. Wọ́n ro ògì kó ṣàn dáadáa, wọ́n bù ú sínú ife kékeré tí bàbá mi fi ń mu caffè, wọ́n sì mú ṣíbí tó kéré jù nínú dúrọ́ọ̀. Mo tẹ̀ lé wọn wọ yàrá. Wọn ò bẹ̀bẹ̀, wọn ò sì kì wọ́n. Wọ́n gbé ṣíbí kan sí màmá mi létè, ó wọlé. Wọ́n gbé ife náà kalẹ̀, wọ́n jáde, wọ́n lọ ń ká aṣọ tí a sá sórí termosifone, irin tó ń mú ilé gbóná. Wọ́n ká a tán pátá kí wọ́n tó padà wọlé pẹ̀lú ṣíbí kan sí i. Nígbà tí mo na ọrùn kí n lè rí i, wọ́n gbá mi létí jẹ́jẹ́.

"Má wo ẹnu rẹ̀. Ẹja mọ̀ béèyàn bá ń wò ó."

Bí a ṣe ń lo òtútù náà nìyẹn: ṣíbí nínú ilé, odò ní Sátidé, ṣọ́ọ̀ṣì ní Sọ́ńdè. Licenza, ìwé àṣẹ ìpẹja, wà lórúkọ bàbá ìsàlẹ̀, ìgbà tí wọ́n bá fẹ́ mu caffè inú fláàsì wọn nìkan ni ìyá àgbà ń bá wọn di ọ̀pá mú. Ṣùgbọ́n bàbá náà bẹ̀rẹ̀ sí í mu caffè gan-an. Kò sí ọ̀rọ̀ kankan láàárín àwọn méjèèjì. Kùrukùru, ẹyẹ dúdú kan lórí igi, ariwo mọ́tò lókèèrè lórí afárá, àti ètè ìyá àgbà tó ń mira nítorí àdúrà.

Lọ́jọ́ tí a rí gardon àkọ́kọ́, èmi ò rí i tí orí pupa yẹn gbọ̀n, bàbá ìsàlẹ̀ pàápàá ò rí i. Ìyá àgbà kàn gbé ọrùn ọwọ́ sókè díẹ̀, ẹja náà sì jáde, ó ń dán nínú kùrukùru aláwọ̀ eérú tó yí wa ká, ẹyinjú rẹ̀ pupa bí ẹni tó sunkún mọ́jú. Bàbá ìsàlẹ̀ fi omi tutù fọwọ́, wọ́n yọ ìwọ̀ lẹ́nu rẹ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti dá a padà sódò gẹ́gẹ́ bí ìṣe wọn. Ìyá àgbà gbá ọwọ́ wọn mú.

"Níbo lẹ ń gbé e lọ?"

"Signora, egungun lásán ni. Ológbò gan-an ò ní jẹ ẹ́."

"Sọ fún wọn pé èyí tí ò légungun, ìgbín là ń pè é," ìyá àgbà sọ fún mi. Lẹ́yìn náà, ohùn wọn rẹlẹ̀. "Sọ fún wọn pé ọmọ mi ni mo fẹ́ sè é fún."

"È per mia mamma," ni mo sọ.

Bàbá ìsàlẹ̀ mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí màmá mi, gbogbo palazzo ló mọ̀. Wọ́n wo ẹja náà, wọ́n wo omi. Wọ́n ní láti ìgbà tí ìyàwó àwọn ti kú, àwọn ò tíì mú ẹja kankan lọ sílé, nítorí ta ni yóò sè é? Wọ́n ní ká mú méjì, kò gbọ́dọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kí ọ̀sán tó pọ́n, a rí ìkejì.

Ìyá àgbà se méjèèjì pẹ̀lú ata díẹ̀, àlùbọ́sà àti efinrin gbígbẹ. Wọ́n tẹ̀ wọ́n, wọ́n sì fi aṣọ funfun sẹ́ omi rẹ̀ títí kò fi sí egungun kankan. Wọ́n gbé ṣíbí kan lọ sí yàrá, wọ́n jáde. A ń ká aṣọ lọ́wọ́ nígbà tí a gbọ́ ohùn kan tó há.

"Màámi, ẹja wo nìyí?"

Ìyá àgbà fi táwẹ̀lì bo ẹnu. Nígbà tí wọ́n máa fi dáhùn, ohùn wọn ti gún régé. "Ẹja òyìnbó ni."

"Ó ń rùn bí ẹrẹ̀."

"Ìwọ náà ń rùn. Ìgbà wo lo ti wẹ̀ kẹ́yìn?"

Nǹkan kan jáde lẹ́nu màmá mi tó fẹ́ jọ ẹ̀rín, kò sì pẹ́ tó fi di ẹkún, ẹkún tí wọn ò tíì sun láti ilé ìwòsàn. Ìyá àgbà lọ jókòó sẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì, wọ́n gbé ọwọ́ lé wọn lẹ́yìn. Wọn ò ní kí wọ́n dákẹ́. Ẹkún náà pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí bàbá mi fi dìde lójú oorun, wọ́n wá dúró tì mí.

Mi ò ní parọ́ pé ayọ̀ padà wọlé. Màmá mi dìde, wọ́n ń jẹun díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n ìyá tí mo mọ̀ tẹ́lẹ̀, tó ń kọrin tó bá ń fọ abọ́, kò padà dé tán. Ọjọ́ visto ìyá àgbà pé. Ní pápákọ̀ òfuurufú, wọ́n tẹ̀ ba sí etí mi. "Tí ìyá rẹ bá tún lọ sí ìsàlẹ̀ omi," wọ́n ní, "má fi ariwo tẹ̀ lé e."

Nígbà òtútù tó tẹ̀ lé e, wọ́n pè wá láti Ẹ̀pẹ́. Ìyá àgbà sùn, wọn ò jí. Permesso, ìwé ìgbélùú màmá mi, wà lọ́dọ̀ àwọn tó ń tún un ṣe, wọn ò lè rìnrìn àjò. Orí fóònù ni wọ́n ti wo ìsìnkú ìyá wọn, àwòrán náà ń dúró, ó ń fò. Nígbà tó parí, wọ́n rọra fi fóònù sílẹ̀, wọ́n dùbúlẹ̀, wọ́n sì kọjú sí ògiri.

Kúlà tún bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, bàbá ìsàlẹ̀ kan ilẹ̀kùn. Wọ́n gbé nǹkan dání nínú ìwé ìròyìn. Gardon méjì ni, wọ́n ti yọ ìfun wọn, wọ́n ti họ ìpẹ́ wọn.

"Per la mamma," wọ́n sọ, wọ́n sì sọ̀ kalẹ̀ lọ kí n tó lè dúpẹ́.

Èmi ni mo sè é. Mo fi aṣọ funfun sẹ́ ẹ. Mo gbé ṣíbí kan sí màmá mi létè, mo jáde, mo sì lọ síbi termosifone. Mo ń ká aṣọ, mi ò wẹ̀yìn.

Padova ni mo wà báyìí, mo jẹ́ nọ́ọ̀sì fún àwọn àgbàlagbà. Púpọ̀ nínú wọn ló kọjú sí ògiri. Bàbá ìsàlẹ̀ ti lọ, èèyàn mìíràn ló ń gbé ilé wọn. Màmá mi ṣì wà láyé, ọpẹ́ ni fún Jésù, ṣùgbọ́n bí kùrukùru bá ti bo Po, wọ́n máa ń lọ sísàlẹ̀ bí ẹja náà, èmi náà á sì wọ ọkọ̀ ojú irin lọ bá wọn.

Ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, a máa ń gbàdúrà pé kí àwọ̀n wa kún títí yóò fi fẹ́ ya. Mo máa ń ṣe àmín sí i, tọkàntọkàn. Ṣùgbọ́n ọdún tí mo ń sọ yìí, tí gbogbo wa rò pé Ọlọ́run ti jáde kúrò nínú yàrá wa, mo ti wá gbà gbọ́ pé aṣọ ló lọ ká, àti pé Ó ń bọ̀ pẹ̀lú ṣíbí kan sí i.