Irun Inú Ògiri

Nígbà tí fọ́tò ààrẹ kan ṣoṣo wà lára ògiri gbogbo búrò ìjọba, mo kọ́ iṣẹ́ bíríkìlà ní Kouloundè, ní Sokodé. Irun tí onígbàjámọ̀ gbá dànù ni ọ̀gá mi ń pò mọ́ sìmẹ́ǹtì, kí ògiri má baà lanu.

Mo kó àpò irun kan, dúdú kirikiri, lọ sí Kambolé, mo pò ó mọ́ sìmẹ́ǹtì, mo fi rẹ́ ògiri yàrá ìyá mi àgbà. Mo ní, "Ìyá, irun wà nínú ògiri yìí o." Etí wọn ti wúwo, ìrun tí à ń kí ni wọ́n gbọ́.

"Ta ló ń kí i?"

Ó ti rẹ̀ mí, n kò tún un sọ.

Láti ìgbà náà, lẹ́yìn Alásárì, wọ́n a gbé orí ti ògiri, wọ́n a ní ẹni inú rẹ̀ kò tíì sálámà, kò tíì parí ìrun rẹ̀. Lọ́jọ́ kan wọ́n ní, "Ó ti sálámà." Kí Mọ̀gàríbì tó pé, wọ́n ti kú.

Nígbà ọyẹ́, irun kan yọ síta níbi tí wọ́n máa ń gbórí lé. Funfun ni. Mo fà á. Ẹnìkan fà á padà láti inú.

Ẹni tó bá ní irọ́ ni, kó wá fà á wò.