Àpótí Tó Ń Gbé Ẹ́ńjìnnì Ọkọ̀ Wa

Kápẹ́ńtà tó kan ọkọ̀ ojú omi wa fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ní jẹ́tì láìpẹ́ yìí. Ó ní, "Mọ́mì, àwọn èèyàn ti ń ṣe irú àpótí yín yẹn o. Ṣùgbọ́n ìlẹ̀kùn ni wọ́n ń kàn sí i. Ẹ bá wọn sọ̀rọ̀." Mi ò mọ gbogbo wọn, ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ ọ́ sílẹ̀.

Ọkọ mi ló ń fi ọkọ̀ kékeré kó àwọn òṣìṣẹ́ èbúté láti Olódì-Àpápá lọ sí Àpápá. Ọmọbìnrin wa máa ń bá a lọ, torí òdìkejì omi ni ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ wà. Nígbà tí ọkọ mi ra ẹ́ńjìnnì tó tóbi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ìbọ̀sẹ̀ ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í tutù. Mo tẹ̀ lé wọn láàárọ̀ ọjọ́ kan. Ẹ́ńjìnnì náà ti tẹ ìdí ọkọ̀ sílẹ̀, débi pé bí ọkọ mi bá ti dín eré kù lójijì, ìgbì tó ń tẹ̀ lé wa á gun pákó ìdí ọkọ̀, á sì dà síbi tí ọmọ jókòó. Aránṣọ ni mí. Láti ọjọ́ yẹn, mi ò lè fọwọ́ kan máṣíìnì títí ọkọ mi á fi pè pé wọ́n ti dé.

Mo rántí ohun tí wọ́n kọ́ wa ní girama nípa ohun tó ń léfòó. Mo gbé àgádágodo sínú ike bọ́tà, mo gbé e sórí omi nínú abọ́ ìfọṣọ, mo ń wo bó ṣe ń rì sí. Mo pààrọ̀ ike náà sí èyí tó fẹ̀ jù ú lọ, kò rì tó bẹ́ẹ̀ mọ́. Mo wá gé páálí bí ẹni gé àwòṣe aṣọ: àpótí òfìfo tí a ó fi bóòtù dè mọ́ ìdí ọkọ̀ níta, tí ẹ́ńjìnnì á so mọ́. Àpótí á léfòó, á gbé ẹ́ńjìnnì, a ó sì lè kan pákó ìdí ọkọ̀ ga sókè kí ìgbì má baà gùn ún mọ́. Mo jẹ́ kí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ga díẹ̀ ju ìsàlẹ̀ ọkọ̀ lọ, kó má baà máa wọ́ omi.

"Mádàámù, ṣé ṣòkòtò lẹ fẹ́ rán fún ẹ́ńjìnnì ni?" èrò ọkọ̀ kan bi mí ní jẹ́tì.

"Ẹ jẹ́ kó rán an," ọkọ mi dáhùn. "Tí ò bá bá a mu, á tú u."

Kápẹ́ńtà kàn án, ó fi fáíbà tómi kì í wọ̀ bò ó. Ìbọ̀sẹ̀ gbẹ.

Nígbà tó yá, ìdí ọkọ̀ tún bẹ̀rẹ̀ sí í rì. Mo lọ wò ó: ọkọ mi ti gé ìlẹ̀kùn sí àpótí náà, ó kó kẹ́ẹ̀gì epo, okùn àti bàtà rẹ̀ síbẹ̀.

"Dádì, kí lẹ ṣe yìí?"

"Àyè ńlá yẹn, kó kàn wà lásán?"

Mi ò lè bínú tán. Yàrá kan là ń gbé nítòsí ọjà Boundary. Ìkòkò wà lábẹ́ ibùsùn, àpótí aṣọ wà lórí kọ́bọ́ọ̀dù. Ojú wa kì í gba àyè òfìfo. Ṣùgbọ́n omi ti gba ẹnu ìlẹ̀kùn náà wọlé.

"Afẹ́fẹ́ inú ẹ̀ ló ń gbé ọmọ yín," mo ní. "Tómi bá gbapò ẹ̀, àpótí yẹn fúnra ẹ̀ ló máa fa gbogbo yín sísàlẹ̀ omi."

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó kẹ́ẹ̀gì jáde.

A ṣa ike omi òfìfo, a dé wọn pa dáadáa, a kó wọn kún inú àpótí fọ́fọ́, kí afẹ́fẹ́ lè wà níbẹ̀ bómi tilẹ̀ wọlé, kápẹ́ńtà sì dí ẹnu ìlẹ̀kùn náà pa.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti kan ìlẹ̀kùn sí tiyín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dí i kí ọmọ ẹnikẹ́ni tó tún wọ ọkọ̀ náà.