Ta Ni Yóò Bu Iyọ̀ Sọ́bẹ̀ Enelesi?

Oṣù kẹtàlá nìyí tí Enelesi ti rí nǹkan oṣù kẹ́yìn, kò sì sọ fún ẹnì kankan. Báwo ni yóò ṣe sọ ọ́? Yosofati ọkọ rẹ̀ ti wí i nídìí ọtí pé ọjọ́ tí nǹkan oṣù ìyàwó òun bá dáwọ́ dúró lòun yóò gbé Malita opó wọlé. Ó ní òun ṣì fẹ́ bímọ.

Enelesi bá dọ́gbọ́n. Ní abúlé wọn lẹ́yìn ìlú Dedza, obìnrin tó bá ń rí nǹkan oṣù lọ́wọ́ kì í fọwọ́ ara rẹ̀ bu iyọ̀ sọ́bẹ̀ ọkọ. Bó bá bu ú, ikọ́ ni yóò kọ lu ọkọ, ikọ́ tí ń pa ni. Àgbà obìnrin tí kò rí nǹkan oṣù mọ́, tí wọ́n ní ara rẹ̀ ti tutù, ló ń bá a bu ú. Nítorí náà, bí oṣù tuntun bá ti lé, Enelesi a ké sí Nabanda, ìyá ọkọ rẹ̀: "Màmá, ẹ bá mi bu iyọ̀ o." Ọjọ́ mẹ́rin gbáko ni ìyá yóò fi bu ú. Ẹ ò rí i bí obìnrin ṣe gbọ́n tó! Iyọ̀ ló fi di ilé rẹ̀ mú.

Ṣùgbọ́n ara kì í báni purọ́. Nínú òtútù tí àwọn ẹlòmíì ń fi bùláńkẹ́ẹ̀tì bora, ooru a ṣàdédé gbéra láti àyà rẹ̀, a gun ọrùn, òógùn a sì bo ojú rẹ̀. Oríkèé ń ro ó. Adìẹ á da omi nù, òun á bú sẹ́kún. Ìgbàgbé ló wá burú jù: ìgbálẹ̀ á wà lọ́wọ́ rẹ̀, yóò sì máa wá ìgbálẹ̀ kiri.

Ìgbàgbé náà ló tú àṣírí. Ó ti pe Nabanda lánàá. Lónìí, ó ń se ewé elégédé, ooru dé, ó ń fi etí aṣọ fẹ́ra, ọwọ́ kejì sì ti bu iyọ̀ sí ìkòkò.

Yosofati ti ń fi nsima, òkèlè àgbàdo, jẹ ewé náà nígbà tí ìyá rẹ̀ wọlé láti wá bu iyọ̀.

"Ta ló bu iyọ̀ sí èyí tó ń jẹ?"

Enelesi wo ọwọ́ ara rẹ̀, iyọ̀ ṣì lẹ̀ mọ́ ọn. Yosofati húkọ́. Àgbàdo gbígbẹ ló ti ń yin láti àárọ̀, eruku rẹ̀ ló há a lọ́fun, ṣùgbọ́n ta ló bi eruku?

"Ó ti pa á," Nabanda wí. "Dìde, apani. Ó di iwájú baálẹ̀. Ilẹ̀ yìí ò ní mọ́ bá ọ níbí."

Enelesi wo ọkọ rẹ̀. Yosofati di ọ̀fun mú, ó ń húkọ́, ẹ̀rù ti bà á.

"Màmá, kò sí ẹ̀jẹ̀ kankan. Ó ti pé oṣù mẹ́tàlá."

Ikọ́ náà dúró lójú ẹsẹ̀.

"Oṣù mélòó?" Yosofati bi í.

"Mẹ́tàlá."

Yosofati bú sẹ́rìn-ín. "Ìyá mi, àṣé ẹgbẹ́ yín lẹ ń bá bu iyọ̀ láti ọjọ́ yìí."

Ó jẹ oúnjẹ rẹ̀ tán, ó fọwọ́, ó sì gbé kóòtù ìlọ-sóde rẹ̀ wọ̀.

"Níbo lẹ ń lọ?" Enelesi bi í.

"Ṣé o ò mọ ibẹ̀ ni?"

Ooru tún gbé Enelesi, òógùn ń kán sílẹ̀ lágbọ̀n rẹ̀. Nabanda jókòó sórí ẹní, ó sún díẹ̀, ó fọwọ́ gbá ẹ̀gbẹ́ ara rẹ̀.

"Wá jókòó, ìyá àgbà. Ibí yìí tutù."