Ẹni tí Kò Sí Lára Àwọn Tí Kò Níṣẹ́

Mo rántí ìgbà tí iṣẹ́ mi jẹ́ láti máa bi àgbàlagbà bóyá wọ́n níṣẹ́ lọ́wọ́. Ìjọba fẹ́ mọ iye àwọn tí kò níṣẹ́ káàkiri orílẹ̀-èdè, láàárín àwọn tó ti pé ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n tí wọn ò sì tíì pé márùndínlọ́gọ́ta, ìyẹn àwọn tí ara wọn ṣì gbé iṣẹ́ dáadáa. Yorùbá ni bàbá mi, Zulu ni ìyá mi, mo sì gbọ́ èdè méjèèjì, nítorí náà àwọn ilé gíga àárín ìlú Johannesburg ni wọ́n fún mi. Mo lọ aṣọ mi, mo gbé káàdì kọ́rùn, mo mú ẹ̀rọ tí a fi ń kọ ìdáhùn lọ́wọ́, mo ń rìn bí ẹni pé èmi nìkan ni mo gbé gbogbo South Africa dání.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, obìnrin Yorùbá kan ṣílẹ̀kùn fún mi ní àjà kẹfà. Ọkọ rẹ̀ kò sí nílé, òfin iṣẹ́ wa sì gbà kí ìyàwó dáhùn fún ọkọ.

“Midrand ló ti ń ṣiṣẹ́,” ó ní. “Òun ló ń bójú tó kọ̀ǹpútà wọn. Aago mẹ́fà àárọ̀ ló ń jáde.”

Kí n tó kọ ọ́ sílẹ̀, ilẹ̀kùn ṣí. Ọkọ rẹ̀ ló wọlé, báàgì iṣẹ́ rẹ̀ wà léjìká, ó ní orí ń fọ́ òun. Inú ìyàwó dùn. “Ó ti dé. Ẹ bi òun fúnra rẹ̀.”

“Ẹ̀gbọ́n, ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ṣé ẹ ṣe iṣẹ́ kankan tó mówó wọlé, kó tiẹ̀ jẹ́ wákàtí kan péré?”

Ó wo káàdì ọrùn mi, ó wo ìyàwó rẹ̀. “Mo ṣe é. Ọjọ́ márààrún.”

Mo kọ ọ́, mo kí wọn pé ó dàbọ̀. Ó ní òun á sìn mí. Nígbà tí a sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, ó di irin ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ mú.

“Àbúrò, irọ́ ni mo pa. Ó ti pé oṣù méje tí wọ́n ti dá mi dúró lẹ́nu iṣẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pa á rẹ́. Ó kéré tán, kí ibì kan wà tí wọ́n ti mọ òótọ́.”

Mo jókòó sórí àtẹ̀gùn, mo pa á rẹ́. Ìbéèrè mìíràn sì jáde lójú ẹ̀rọ: láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sẹ́yìn, ṣé ẹ wá iṣẹ́?

“Rárá. Mo wá a títí, ó sú mi.”

Mo tẹ “rárá”, ẹ̀rọ náà sì gbé e kúrò lára àwọn tí kò níṣẹ́. Ó ń wò ó láti ẹ̀yìn mi. “Ibo ló gbé mi lọ?”

Mo fi ìgbéraga ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kẹ́kọ̀ọ́ ṣàlàyé pé ẹni tí kò bá wá iṣẹ́, a kì í kà á mọ́ àwọn tí kò níṣẹ́.

“Mi ò níṣẹ́, mi ò sì sí lára àwọn tí kò níṣẹ́. Kí wá ni mí?” Ó na ìka sí ojú ẹ̀rọ. “Ẹ tẹ ‘bẹ́ẹ̀ ni’ fún mi.”

Ìka mi ti wà lórí rẹ̀. Bí ọ̀gá mi bá yẹ̀ ẹ́ wò, iṣẹ́ mi lọ nìyẹn. Ibẹ̀ ni mo wà tí mo gbọ́ ohùn lókè wa.

“Oṣù méje?”

Ìyàwó rẹ̀ ló dúró níbẹ̀. Mo rò pé ilé náà á gbóná. Ṣùgbọ́n ńṣe ló jókòó sílẹ̀ gbì.

“Mò ń di oúnjẹ fún yín lójoojúmọ́. Ibo lẹ ti ń jẹ ẹ́?”

“Nínú páàkì.”

“Nínú òtútù yìí?”

Ó sọ̀ kalẹ̀, ó gba báàgì lọ́wọ́ ọkọ rẹ̀, wọ́n sì jọ gòkè lọ. Mo fi “rárá” sílẹ̀ bó ṣe sọ ọ́.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, mo padà lọ, nítorí ilé kan náà la máa ń tún bi. Ìyàwó nìkan ni mo bá.

“Ó ti lọ wá iṣẹ́,” ó ní. “Ẹ kọ ọ́ dáadáa. Èmi ni mo bá a tẹ ìwé ìwáṣẹ́ tó mú lọ.”

Bí mo ṣe kọ ọ́ báyìí, ó fi ọ̀kan kún iye àwọn tí kò níṣẹ́, nítorí ó ti tún ń wá iṣẹ́. Nígbà tí mo sọ̀ kalẹ̀, mo ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

N kò mọ̀ bóyá ó ríṣẹ́ níkẹyìn. Wọ́n yọ ilé wọn kúrò nínú àkọsílẹ̀ wa nígbà tó yá, nítorí a máa ń pààrọ̀ ilé. Lónìí, ọ́fíìsì kan ní Marshalltown, nínú Johannesburg kan náà, ni mo ti ń bá ìjọba ṣírò iye àwọn tí kò níṣẹ́. Bó bá lọ sókè, àwọn ẹlẹgbẹ́ mi máa ń mí kanlẹ̀. Èmi máa ń kọ́kọ́ béèrè iye àwọn tó ti jókòó sílé tẹ́lẹ̀, tí wọ́n tún dìde jáde wá iṣẹ́.