Ràsákì Oníjó àti Ọwọ́ Tó Ń Gbọ̀n

Bí ẹ bá dárúkọ Ràsákì Oníjó ní Ṣómólú lónìí, kí ẹnikẹ́ni tó sọ pé "Ọlọ́run á forí jì í", ọ̀rọ̀ ẹja ni wọn yóò kọ́kọ́ sọ. Ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀ gan-an, torí àwọn ará Fádèyí ti bu iyọ̀ sí i ju bó ṣe yẹ lọ.

Iṣẹ́ ìwé títẹ̀ ni Ràsákì ń ṣe. Ìsẹ́yìn ló ti wá, ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn, yíǹkì ò sì kúrò ní èékánná rẹ̀ láéláé. Nígbà tí fíìmù inú kásẹ́ẹ̀tì ṣẹ̀ṣẹ̀ gbòde, ọ̀gá kan tó ń ṣe fíìmù, tó ń jẹ́ Ṣọlápé, mú Ràsákì àti Sabina, ọmọ ẹlẹ́ja kan láti Bàrígà, pé kí wọ́n wá jó fún ìṣẹ́jú mẹ́ta péré nínú fíìmù òun. Orúkọ wọn ló kẹ́yìn lórí ìwé, lábẹ́ ẹni tó ń se oúnjẹ fáwọn òṣèré. Ṣọlápé wá ṣe àṣìṣe kan. Ràsákì kan náà ló gbé pósítà fíìmù náà fún pé kó bá òun tẹ̀ ẹ́.

Ẹgbẹ̀rún kan pósítà ló jáde. Ràsákì àti Sabina ló gba gbogbo àárín rẹ̀, ọwọ́ nínú ọwọ́. Ìbíyẹmí, òṣèré tí gbogbo ìlú mọ̀, tí wọ́n tìtorí rẹ̀ ṣe fíìmù náà, wà ní igun ìsàlẹ̀ lápá òsì. Kò tóbi ju sítáńpù lọ.

"Ràsákì, kí lèyí?" Ṣọlápé na pósítà kan sí i.

"Ẹ̀rọ ni, ọ̀gá."

"Ẹ̀rọ wo?"

"Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé. Ẹni tó bá wù ú ló máa ń gbé tóbi."

Wọ́n ní kó tún òmíràn tẹ̀, kó sì dáná sun ti àkọ́kọ́. Ràsákì kó wọn dé ẹ̀yìnkùlé, ó ṣáná, ó wo ojú ara rẹ̀ nínú bébà, ó sì pa iná. Àwọn ẹlẹ́ja Bàrígà máa ń wá kó bébà tó bàjẹ́ lọ́dọ̀ àwọn atẹ̀wé Ṣómólú, òun ni wọ́n fi ń di ẹja fún oníbàárà. Bébà yìí ló sọ òun àti Sabina di ojúlùmọ̀, torí Sabina ni ìyá rẹ̀ máa ń rán. Ràsákì di ẹgbẹ̀rún pósítà náà lókùn, ó gbé e lé ọmọ ọlọ́mọ lórí.

"Lọ kó o sábẹ́ ibùsùn," ó ní. "Ọjọ́ kan ń bọ̀ tí wọ́n á máa wá a kiri."

Sabina kó o sábẹ́ ibùsùn lóòótọ́. Ìyá rẹ̀ sì bá a níbẹ̀. Ìyá tó ti ń fi bébà Ṣómólú di ẹja láti ogún ọdún, kí lẹ fẹ́ kó rò? Kí ilẹ̀ Sátidé tó ṣú, kò sí ilé kan létí ọ̀sà Bàrígà tí Ràsákì àti Sabina ò bá ẹja yíyan wọ̀, pẹ̀lú òróró lójú.

Làwọn èèyàn bá bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè fíìmù "àwọn tó wà lára ẹja". Wọ́n ra kásẹ́ẹ̀tì náà tán láti Fádèyí dé Palmgrove. Wọ́n á mú fíìmù sáré kọjá ibi tí Ìbíyẹmí ti ń sunkún, wọ́n á dúró síbi ijó, wọ́n á tún un wò. Nígbà tí Ṣọlápé fẹ́ ṣe òmíràn, ilé Ràsákì ló kọ́kọ́ yà.

Gbogbo ìlú ń rẹ́rìn-ín nígbà náà, àfi Sabina. Ọ̀kan nínú ẹja yẹn ti dé ilé àlùfáà ìjọ wọn. Àlùfáà jẹ ẹja tán, ó ká bébà rẹ̀ dáadáa, ó fi ránṣẹ́ sí bàbá Sabina, Pa Ikúmápàyí, apẹja àti àgbà ìjọ, ẹni tí kì í rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ Kérésì pàápàá.

Bàbá yọ àjẹ̀ kúrò nínú ọkọ̀, ó gbé e lé èjìká, ó fẹsẹ̀ rìn láti etí omi lọ sí Ṣómólú. Sabina ń sáré tẹ̀ lé e, ó ń bẹ Ọlọ́run pé kí ilé ìtẹ̀wé ti kúrò níbi tó wà kí àwọn tó dé ibẹ̀. Ẹ má fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Bí wọ́n ṣe bí i nìyẹn. Ó ń bẹ̀rù bàbá rẹ̀, ó ń bẹ̀rù ààrá, ó ń bẹ̀rù kámẹ́rà tó dà bí ìbọn lójú rẹ̀. Omi nìkan ni kò bẹ̀rù láyé yìí.

Ràsákì rí àjẹ̀ lókèèrè. Kò sá. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí bébà tó wà nílẹ̀.

"Ìwọ lo di ọmọ mi lọ́wọ́ mú ní gbangba?"

"Èmi ni, bàbá. Àmọ́ kẹ́ ẹ tó gbá mi, ẹ dáhùn ìbéèrè kan. Ṣé ọmọ yín ò mọ̀ ọ́n jó ni?"

Pa Ikúmápàyí tú pósítà náà. Ó wò ó títí. Oníjó lòun náà kó tó di àgbà ìjọ, àwọn tó mọ̀ ọ́n nígbà èwe ò sì jẹ́ kó gbàgbé.

"Ó mọ̀ ọ́n jó," ó ní, bí ẹni tí wọ́n ń fa eyín rẹ̀ yọ. "Ó dáa. Ọwọ́ nìkan ni. Bí o bá fọwọ́ kan ìbàdí ọmọ mi, ìwọ àti àjẹ̀ yìí lẹ jọ máa sọ ọ́. Ìyàwó ẹ sì gbọ́dọ̀ jókòó tì yín níbikíbi tẹ́ ẹ bá ti ń jó."

Báyìí ni Látífàt, ìyá Kúdí, ìyàwó Ràsákì, ṣe gbé àga onígi kan jáde. Ogún ọdún ló fi jókòó sórí àga yẹn, tó ń ṣa ẹ̀wà, tó sì ń bú ijó.

"Bàbá Kúdí, ẹsẹ̀ òsì yín ti sùn o!"

"Kò sùn, ó ń ronú ni."

Ràsákì ò fi bò pé ẹnì kan lòun ń wò ṣe. Ó ti rí fíìmù òyìnbó àtijọ́ kan lórí tẹlifíṣọ̀n, tí kò ní àwọ̀ kankan ju dúdú àti funfun lọ. Ọkùnrin òyìnbó kan tí kóòtù rẹ̀ ní ìrù méjì ń bá obìnrin kan jó lórí ilẹ̀ tó ń dán. Ràsákì náà fẹ́ kóòtù onírù. Ó gbé kóòtù tó fi gbé Látífàt níyàwó sábẹ́ ẹ̀rọ tó ń gé bébà, ó fa irin rẹ̀ wálẹ̀. Ìrù kan gùn, èkejì kúrú bí etí ewúrẹ́. Látífàt sunkún ọjọ́ méjì. Láti ìgbà náà, ẹ̀gbẹ́ kan ni Ràsákì máa ń kọ sí kámẹ́rà, àwọn èwe Bàrígà sì rò pé ara ijó ni, wọ́n ń fi ẹ̀gbẹ́ jó kiri àdúgbò.

Ohun kan wà tí kò yí padà láti fíìmù dé fíìmù. Kí kámẹ́rà tó bẹ̀rẹ̀, Ràsákì á gba ọwọ́ òsì Sabina. Kété tí ọwọ́ bá ti kan ọwọ́, gbígbọ̀n á bẹ̀rẹ̀.

"Ọwọ́ ẹ ń gbọ̀n, Sabina."

"Ẹ má bínú, Bọ̀dá Ràsákì."

"Má bẹ̀rù. Mo wà ńbí."

Ó sì máa ń sọ fún gbogbo ayé. "Ọmọ dáadáa ni," á ní, "àmọ́ ojo ni. Bí kì í bá ṣe èmi ni, ì bá ti ṣubú lu kámẹ́rà." Sabina á wolẹ̀. Òótọ́ ni pé àyà rẹ̀ máa ń já. Ó gbà tọkàntọkàn pé ọwọ́ ọkùnrin yẹn ló ń gbé òun dúró.

Nínú fíìmù kẹta, Ṣọlápé ní kí wọ́n jó nínú ọkọ̀ lórí ọ̀sà. Ọmọ Ìsẹ́yìn! Omi tó jìn jù tí Ràsákì tíì wọ̀ rí, inú bààfù ni. Sabina ní tirẹ̀ lè sùn nínú ọkọ̀ kó lálàá. Wọ́n dìde dúró, ọwọ́ kan ọwọ́, gbígbọ̀n sì bẹ̀rẹ̀, gìrìgìrì, débi pé ọkọ̀ pàápàá ń gbọ̀n.

"Ọwọ́ ẹ ń gbọ̀n, Sabina." Eyín Ràsákì ń lu ara wọn.

"Èmi? Lórí omi?"

"Má bẹ̀rù. Mo wà ńbí."

Ó gbé ẹsẹ̀ kan ṣoṣo, ọkọ̀ sì dojú dé. Sabina fi ọwọ́ kan gbá a ní kọ́là mú, ó fi èkejì lúwẹ̀ẹ́ dé etí omi. Látífàt fi àga sílẹ̀, ó ń ké "Láìláà!" Wọ́n dorí Ràsákì kodò, ìdajì ọ̀sà dà jáde nímú rẹ̀. Nígbà tó lanu, ohun àkọ́kọ́ tó sọ ni pé, "Ṣé ẹ rí i? Mo ti ní kó má bẹ̀rù."

Sabina rò ó díẹ̀ lọ́jọ́ náà. Àmọ́ ẹni tí wọ́n ti ń pè ní ojo láti kékeré, bí ohunkóhun bá mì, òun náà á gbà pé òun ló mì ín.

Ọdún gorí ọdún. Kásẹ́ẹ̀tì parẹ́, Pa Ikúmápàyí re ibi àgbà ń rè, Sabina di ìyá ọlọ́mọ, ó sì padà sídìí ẹja. Lọ́dún yìí ni Moyọ̀sọ́lá, ọmọbìnrin kan tó ń ṣe fíìmù, wá wọn kàn. Ó ní ìyá òun ṣì tọ́jú bébà ẹja kan sínú Bíbélì. Ó fẹ́ kí àwọn méjèèjì jó lẹ́ẹ̀kan sí i, nínú ilé ìtẹ̀wé àtijọ́ ọ̀hún. Ràsákì ti pé àádọ́rin ọdún. Ó ní kí wọ́n fi orúkọ òun ṣáájú.

Lọ́jọ́ kìíní, Ràsákì nìkan ni wọ́n yà. Ó jó jáde látẹ̀yìn ẹ̀rọ, ó kọ ẹ̀gbẹ́, ìrù gígùn ń jù fẹ̀rẹ̀fẹ̀rẹ̀, ó dé àárín ilé, ó na ọwọ́. Lọ́jọ́ kejì ni Sabina yóò wá gba ọwọ́ náà kí àwọn méjèèjì jó jáde. Ọjọ́ kejì náà ni Ràsákì kírun ọ̀sán tán, ó ní kí Látífàt jẹ́ kí òun na ẹsẹ̀ díẹ̀. Kò dìde mọ́. Wọ́n ti sin ín kí oòrùn tó wọ̀.

Lẹ́yìn àdúrà ogójì ọjọ́, Moyọ̀sọ́lá wá bá Sabina nídìí ẹja. Ó kúnlẹ̀.

"Màmá, ìdajì ijó la ní lọ́wọ́. Tẹ́ ẹ ò bá jó ìyókù, mi ò ní lè lo ti Bàbá. Wọ́n máa gé gbogbo ẹ̀ dànù ni. Wọ́n sì máa wó ilé ìtẹ̀wé yẹn lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀."

Ẹ̀rù tó ba Sabina lọ́jọ́ yẹn, irú rẹ̀ ò bà á rí, kódà nígbà tó ń sáré tẹ̀ lé àjẹ̀ bàbá rẹ̀. Bó bá dijú, á rí ara rẹ̀ tó ṣubú lulẹ̀ níwájú iná kámẹ́rà, á sì rí ọwọ́ Ràsákì tí wọ́n ń fi ọ̀bẹ gé dànù. Ó gba ilé Látífàt lọ. Obìnrin náà jókòó lórí ẹní, ó ń ṣe opó.

"Mi ò lè ṣe é, Ìyá Kúdí. Tí ò bá sí Bọ̀dá Ràsákì, màá ṣubú ni."

Látífàt wò ó. "Wọ́n fẹ́ gé Bàbá Kúdí dànù? Ọkùnrin tí ò lè sun bébà tí ojú ẹ̀ wà lára ẹ̀?" Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹkún ló jáde. "Sabina, lọ jó. Mi ò lè jáde wá jókòó tì ọ́. Gbé àga mi lọ."

Bí Sabina ṣe gbé àga onígi náà lé orí nìyẹn, títí dé ilé ìtẹ̀wé. Ó gbé e kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Wọ́n tan iná. Kámẹ́rà kọjú sí i bí ìbọn, bí ìgbà àkọ́kọ́. Ó ń sọ lọ́kàn pé lónìí lòun máa tẹ́, lónìí lòun máa pa Bọ̀dá Ràsákì lẹ́ẹ̀kejì.

"Màmá, ẹ na ọwọ́ síbi tí ọwọ́ Bàbá wà nínú fíìmù," Moyọ̀sọ́lá wí.

Sabina na ọwọ́ òsì. Ó dúró de gbígbọ̀n. Ó dúró. Ó wolẹ̀ wo ọwọ́ náà. Orúnkún ń gbọ̀n, ètè ń gbọ̀n, àmọ́ ọwọ́ yẹn dúró jẹ́ẹ́ nínú afẹ́fẹ́, kò mì rárá. Ó rántí ọkọ̀ tó dojú dé. Ó rántí eyín tó ń lu ara wọn.

"Háà!" ó ní. "Bọ̀dá Ràsákì! Ẹ̀yin ni!"

Ẹ̀rín bú jáde lẹ́nu rẹ̀, omijé sì ń dà, ó sì jó. Ó jó ti tirẹ̀, ó jó ti ọkùnrin náà mọ́ ọn, ó kọ ẹ̀gbẹ́, ó jó jáde lẹ́nu ọ̀nà. Moyọ̀sọ́lá gbàgbé láti ní kí wọ́n pa kámẹ́rà.

Nígbà tó gbé àga padà lọ, Látífàt ṣì wà lórí ẹní.

"Ìyá Kúdí, ṣẹ́ ẹ mọ̀ pé Bọ̀dá Ràsákì ló ń gbọ̀n?"

"Mo mọ̀. Ogún ọdún ni mo fi jókòó síbẹ̀. Kí lo rò pé mò ń wò?"

"Ẹ ò sì sọ fún mi?"

"Ó bẹ̀ mí ni. Ó ní tó o bá fi lè mọ̀ pé ẹ̀rù ń ba òun náà, ta ló máa wá di ta mú?"

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín títí ó fi rẹ̀ wọ́n. Kóòtù onírù kan gùn kan kúrú yẹn ṣì wà lórí ìṣó lára ògiri. Látífàt ń wò ó. Sabina jókòó tì í lórí ẹní, ó gba ọwọ́ rẹ̀.

"Ọwọ́ yín ń gbọ̀n, Ìyá Kúdí," ó ní. "Ẹ má bẹ̀rù. Mo wà ńbí."