Ìròyìn Èkó Lẹ́nu Aránṣọ

Nígbà tí ogun ń jà ní Nàìjíríà, ìyàwó àṣẹ̀ṣẹ̀gbé ni mí ní àdúgbò Akron níhìn-ín, ní ilẹ̀ elédè Faransé tó bá Nàìjíríà pààlà. Ẹ̀pà yíyan ni mò ń tà. Àwọn obìnrin tó ń ti Èkó bọ̀ máa ń kó ògbólógbòó ìwé ìròyìn wá sí ọjà Ouando, àwa a sì rà á láti fi di ẹ̀pà.

Àwọn ìwé kan wà tí n kì í fi di nǹkan kan. Àwọn tó ní àwòrán ẹlẹ́fẹ̀ lára ni. Ṣójà kan ló máa ń wà nínú wọn, ikùn rẹ̀ á ti ṣáájú rẹ̀ dé ojú ogun, fìlà irin rẹ̀ á bò ó lójú. N kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá ń sá, mo mọ̀ pé ó ń sá.

Èkó ni ọkọ mi wà. Ó ń wa ọkọ̀ akẹ́rù fún ọ̀gá kan níbẹ̀. Ogun bẹ̀rẹ̀, n kò gbúròó rẹ̀ mọ́. Wọ́n ní wọ́n ń fi ipá mú àwọn awakọ̀ kí wọ́n máa kó ṣójà lọ sójú ogun. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń gbé ìwé lọ bá bàbá kan, Àgùdà, tó ń ránṣọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wa. Òun ló kàwé jù ládùúgbò. Yóò dá ẹ̀rọ rẹ̀ dúró, yóò gbé awò sójú.

"Ìyàwó, ti ìlú ni ká kọ́kọ́ kà, àbí ti oníkùn?"

"Ti ìlú, Bàbá. Ṣé wọ́n sọ̀rọ̀ awakọ̀?"

"Wọ́n sọ ọ́. Kò sí èyí tó fara pa. Wọ́n ní ìyà kan ṣoṣo tó ń jẹ wọ́n ni pé ọbẹ̀ olóúnjẹ Èkó kò dùn tó ti ìyàwó ilé."

Màá rẹ́rìn-ín. Lálẹ́ ọjọ́ náà, màá rí oorun sùn.

Lọ́jọ́ kan, mo mú ìwé kan tó ti kà fún mi rí padà lọ, torí pé ẹ̀fẹ̀ rẹ̀ dùn mọ́ mi. Ó kà á. Ó ní ìyá ìyàwó ṣójà ló wá kí i nínú àgọ́, ló fi sá gorí igi.

"Bàbá, ewúrẹ́ lẹ ní ó lé e lọ́jọ́sí."

"Ewúrẹ́ wo?"

"Èyí tó rò pé ọ̀tá ni. Ẹ̀yin náà lẹ kà á!"

Ó wo ìwé, ó wò mí, ó yọ awò. "Ìyàwó, Faransé ni àwọn fadá fi kọ́ mi. Gẹ̀ẹ́sì nìyí. Èkó nìkan ni mo mọ̀ níbẹ̀."

"Àwọn awakọ̀ ńkọ́?"

"N kò mọ nǹkan kan nípa awakọ̀, ọmọ mi. Bí o bá ti ń wọlé, tí mo bá rí ojú rẹ, n kì í lè sọ pé n kò mọ̀ ọ́n kà."

Inú bí mi. Mo já ìwé mi gbà, mo lọlé. N kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ mọ́ fún ìgbà díẹ̀, ṣùgbọ́n lójoojúmọ́ ni mò ń gbọ́ ẹ̀rọ rẹ̀ láti ẹ̀yìn ògiri, n kò sì rí oorun sùn lálẹ́. Nígbà tó yá, èmi fúnra mi ni mo tún gbé ìwé lọ.

"Ẹ ka ti ìlú, Bàbá."

"Ṣé o ṣì fẹ́?"

"Ẹ ṣáà máa kà á."

Ó kà á. Ó ní àwọn awakọ̀ ti ń béèrè ọ̀nà ilé. Mo mọ̀ pé kò sí nínú ìwé náà, síbẹ̀ àyà mi fúyẹ́. Ìwọ ọmọ ọmọ mi tó ń bá mi kọ ìtàn yìí, o gbọ́ Faransé, o gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, o lè sọ pé irọ́ ni. Àdúrà ni mo pè é, àdúrà tó ń pani lẹ́rìn-ín.

Ìgbà ọyẹ́ ni ọkọ mi dé, lẹ́yìn kẹ̀kẹ́ ará Ìgbolo kan tó gbé e láti ẹnu ibodè. Ó rù, irùngbọ̀n ti bo ẹnu rẹ̀. Lóòótọ́ ni wọ́n mú un kó ṣójà, títí ọkọ̀ fi bàjẹ́ tó sì fi ẹsẹ̀ rìn dé ibodè. Mo dúró, mò ń wò ó. Ilé kún. Bàbá aránṣọ wọlé, kò mú ìwé kankan lọ́wọ́. Ó gbé awò sójú, ó wo ọkọ mi láti orí dé ẹsẹ̀.

"Ìròyìn ìlú tòní," ló wí. "Awakọ̀ kan wọ Akron. Ó rù. Ìyàwó rẹ̀ ń wò ó bí àwòrán, kò tíì fún un lóúnjẹ."

Mo kúnlẹ̀ níwájú bàbá náà, mo dúpẹ́ títí wọ́n fi fà mí dìde, kí n tó sáré lọ dáná.