Nínú Ọgbà Àjàṣẹ́, Mi Ò Lè Jókòó

Ní Ìlaròó tí mo ń gbé, bí ènìyàn bá ní òun wà ní páàkì, ibi tí wọ́n ti ń wọ mọ́tò ló ń sọ. Kò mọ́ wa lára kí àgbàlagbà lọ jókòó lásán sínú ọgbà lọ́sàn-án gangan. Wọn á bi í pé ta ló kú. Nítorí náà, nígbà tí ọkọ ẹ̀gbọ́n mi ní kí n lọ dúró de òun nínú ọgbà ìgboro tó wà lódìkejì ilé ìwòsàn ní Àjàṣẹ́ tó wà lẹ́yìn bọ́dà, mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ fún. Ó ti pẹ́ tó ti fẹ́ ará Àjàṣẹ́, ibẹ̀ náà ló bímọ sí. Mo fi kíláàsì mi sílẹ̀ fún tíṣà ẹlẹgbẹ́ mi, mo wọ mọ́tò, ó di Òwódé, ó di Ajílété, ó di Ìdíìrókò. Bí a ṣe sọdá bọ́dà báyìí, nẹ́tíwọ́ọ̀kì fóònù mi lọ.

Ẹnì kan ṣoṣo ni wọ́n gbà kó dúró ti aláìsàn, ọkọ rẹ̀ sì ni. Ó mú mi dé ẹnu ọ̀nà ọgbà náà.

“Àbúrò, má kúrò níbí. Fóònù rẹ ò lọ, ibí nìkan ni mo ti lè rí ọ.”

Igi ńláńlá ló wà níbẹ̀, àga kọnkéré wà lábẹ́ wọn. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń kàwé, ìyá kan sùn sórí àga tirẹ̀ bí ẹni pé yàrá rẹ̀ ni. Mo jókòó, mo dìde. Mo yí igi kan ká, mo tún jókòó. Mo bẹ̀rẹ̀ àdúrà, mi ò rántí parí rẹ̀. Níbi tí mo ti ń wo géètì ilé ìwòsàn, mo tẹ koríko tí wọn ò fẹ́ kí ènìyàn tẹ̀. Ọlọ́dẹ fọn fèrè sí mi, ó ń sọ Faransé, mo dúró bí ọmọ tó ṣẹ̀.

“Ó ní kí o kúrò lórí koríko,” bàbá àgbàlagbà kan bá mi túmọ̀ rẹ̀. Yorùbá rẹ̀ dà bí ti àwọn ará Kétu. “Wá jókòó, ọmọ mi. O ti ń yí igi yẹn ká bí ewúrẹ́ tí wọ́n so mọ́lẹ̀.”

Mo jókòó tì í. Ó ní ìyàwó òun wà nínú ilé ìwòsàn yẹn, ó ti pẹ́ níbẹ̀. Mo bi í bó ṣe lè jókòó jẹ́jẹ́ bẹ́ẹ̀.

“Mo ti rìn tèmi tán,” ó dáhùn. “Lóṣù àkọ́kọ́, kò sí ibi tí ẹsẹ̀ mi ò dé nínú ọgbà yìí.”

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára, ṣùgbọ́n kò mú mi dúró. Mo ní kó bá mi wo báàgì mi, mo jáde lọ wá ẹni tó máa yá mi ní fóònù. Àwọn tí mo bá pàdé ò gbọ́ èdè mi. Nígbà tí mo fi padà, bàbá náà ti dìde dúró.

“Ọkùnrin kan wá ọ wá. Mo ní kó dúró, ó ní wọ́n ń pe òun nínú.”

“Báwo ni ojú rẹ̀ ṣe rí?”

“Ó ń làágùn.”

Mo sáré lọ sí géètì, wọn ò ṣí i fún mi. Mo padà, mo tún lọ. Kò sí ohun burúkú tí mi ò rò. Bàbá náà ò bá mi wí, ó kàn ń tẹ̀lé mi pẹ̀lú báàgì náà. Ìgbà tí mo rí i pé ó ń mí hẹlẹ ni ojú tì mí. Mo jókòó kí òun náà lè jókòó.

Ibẹ̀ ni ọkọ ẹ̀gbọ́n mi bá wa.

“Ó ti jí,” ó ní. “Ohun tó kọ́kọ́ béèrè ni bóyá o ti jẹun.”

Nígbà tí wọ́n ṣí géètì fún àwọn àlejò, àwa mẹ́ta la jọ wọlé. Bàbá yà sí ọ̀tún, àwa yà sí òsì. Mi ò tilẹ̀ béèrè irú àìsàn tó ń ṣe ìyàwó rẹ̀.

Lọ́jọ́ tí wọ́n dá ẹ̀gbọ́n mi sílẹ̀, ó ní ká yà sínú ọgbà náà, kí afẹ́fẹ́ fẹ́ sí òun. Mo ń wo àga kan dé èkejì, mi ò rí bàbá náà.

“Ta lò ń wá?” ó bi mí.

Mo ní kò sí. Ìgbà tí ara tirẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń balẹ̀ ni mo ní ká máa lọ.